Yíyára Nìkan Kò Tó: Ìdáhùn Lórí Ìyípadà Láàárín Sísọ àti Gbígbọ́ Nínú Ampilifáyà Alágbára

Ẹnìkan tó ń ṣe amateur radio (rédíò tí àwọn ènìyàn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́, kì í ṣe fún owó) kọ̀wé sí mi pé òun ní ampilifáyà onítúùbù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi túùbù sọ agbára àmì rédíò di ńlá, tó ń gbé nǹkan bíi 1,000 wáàtì jáde, òun sì ń fi Morse, ètò àmì kúkurú àti gígùn, sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n ọ̀rọ̀ 25 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ń sọ fún un pé àmì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gé kúrú, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ dún rárá. Nígbà tó tú ẹ̀rọ náà wò, ó rí i pé ẹnu relay (swíìṣì tí iná ń yí láti ìhà gbígbọ́ sí ìhà sísọ) tó so mọ́ áńtẹ́nà ti dúdú, ó sì ti jẹ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: “Ṣé kí n ra vacuum relay, èyí tí ẹnu rẹ̀ wà níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, fi rọ́pò rẹ̀ ni, tàbí kí n kúkú lo PIN diode tó ń ṣe iṣẹ́ swíìṣì láìní irin tó ń rìn, kí n lè máa gbọ́ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ láàárín àmì kan sí èkejì?”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ìbéèrè yín ní kíkún báyìí, nítorí pé dúdú tí ẹ rí lẹ́nu relay yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun yòókù tí ẹ kọ lọ. Relay tó ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ nínú ampilifáyà kì í sábà jóná lẹ́nu, nítorí pé ìgbà tí agbára kò sí lórí rẹ̀ ló yẹ kí ẹnu rẹ̀ máa pàdé kó sì máa ya. Bí ẹnu rẹ̀ bá jóná, ó ń yí padà nígbà tí agbára rédíò ń gba ibẹ̀ kọjá ni. Nítorí náà, kí n tó sọ èyí tí ẹ ó rà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àkókò, nítorí pé bí ẹ bá gbé relay tó yára sínú ẹ̀rọ tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ kò dára, relay tuntun olówó gọbọi náà lè bàjẹ́ kíá ju ti àtijọ́ lọ.

Ìṣirò Morse kò le. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń wọn ìyára ni PARIS, èyí tí gígùn rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àádọ́ta ìgbà gígùn àmì kúkurú kan. Láti ara rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé bí a bá pín 1,200 sí iye ọ̀rọ̀ tí a ń sọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun tí a ó rí ni iye mílísẹ́kọ́ńdì tí àmì kúkurú ń gbà, mílísẹ́kọ́ńdì sì ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ìwọ̀n ọ̀rọ̀ 20, àmì kúkurú jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 60. Ní 25 tí ẹ̀yin ń lò, ó jẹ́ 48. Ní 30, ó jẹ́ 40. Ní 40, ó di 30 péré. Àlàfo tó wà láàárín àmì méjì nínú lẹ́tà kan náà kò ju gígùn àmì kúkurú kan lọ, inú àlàfo bíńtín yẹn sì ni ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ẹnìkejì ti gbọ́dọ̀ ráyè gbọ́. Èyí ni àwa oníMorse ń pè ní QSK. Àwọn àgbà ti ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ohun tí QSK sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ wa gan-an nìyẹn: kí ọwọ́ wa wà lórí kíì, ohun tí a fi ń tẹ Morse, kí etí wa sì ṣì wà lójú afẹ́fẹ́.

Irú relay tó wà nínú ẹ̀rọ yín, èyí tí ẹnu rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ lásán, máa ń gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 15 sí 25 kó tó pàdé, nítorí pé irin rẹ̀ wúwo, ibi tí yóò rìn dé sì jìnnà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi 20 ṣe ìṣirò. Ká ní rédíò yín ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé agbára jáde ní mílísẹ́kọ́ńdì 5 lẹ́yìn tí ẹ tẹ kíì. Ní àsìkò yẹn, relay ṣì wà ní ìhà gbígbọ́, nítorí náà 100 wáàtì tó ti inú rédíò wá yóò gba ọ̀nà àbùjá lọ sí áńtẹ́nà ní tààrà. Lẹ́yìn náà, ẹnu relay yóò ya kúrò níbẹ̀ nígbà tí agbára ṣì ń ṣàn, yóò wà lágbedeméjì níbi tí kò ti kan ìhà kankan, kó tó wá balẹ̀ sí ìhà ampilifáyà, níbi tí yóò ti ta padà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fara balẹ̀. Nínú àmì oní-48, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti bá ìdàrúdàpọ̀ yìí lọ. Ohun tí ẹnìkejì yóò gbọ́ ni ohùn tínrín kan, lẹ́yìn rẹ̀ ihò, lẹ́yìn ihò ariwo tó ń ta fọ́nfọ́n sórí ìgbì àwọn aládùúgbò, kí àmì yín tó wá dún gidi.

Ohun tí ìdàrúdàpọ̀ yìí ń ṣe nínú ampilifáyà tún burú ju ohun tí etí ń gbọ́ lọ. Agbára 1,000 wáàtì lórí wáyà 50 ohm jẹ́ nǹkan bí 224 fóòtì (volt) ní ìwọ̀n RMS, èyí tí a fi ń ṣe ìṣirò agbára, góńgó rẹ̀ sì tó 316 fóòtì, nígbà tí ìṣàn iná rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ampere 4.5. Bí SWR, ìwọ̀n tó ń fi bí agbára ṣe ń padà láti áńtẹ́nà hàn, bá jẹ́ 3 sí 1, góńgó yẹn lè di nǹkan bí 548 fóòtì ní ojú ibì kan lórí wáyà. Bí ẹnu relay bá ya nígbà tí èyí wà lórí rẹ̀, iná yóò ta láàárín wọn, ooru rẹ̀ yóò sì máa yọ irin ẹnu náà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí túùbù bá ti ń gba agbára láti inú rédíò nígbà tí ìhà áńtẹ́nà ṣì wà ní ṣíṣí, agbára tí túùbù ń pèsè kò ní ibi tí yóò lọ. Coil (wáyà tí a wé) àti capacitor (ohun tó ń kó iná pamọ́) tó wà lẹ́nu plate, ibi tí agbára ti ń jáde lára túùbù, yóò máa kó o jọ, fóòtì orí wọn yóò ga kọjá ibi tí wọ́n ṣe wọ́n fún, iná yóò sì fò gba ibi tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ swíìṣì báńdì tàbí capacitor tí a fi ń yí ìgbì. Ìṣàn iná orí grid, apá tó ń darí ìṣàn inú túùbù, náà yóò ga sókè lójijì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò pé túùbù wọn tàbí swíìṣì wọn ló dá bàjẹ́, tó jẹ́ pé relay tó ń pẹ́ dé ló ń bà á jẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn ẹ̀rọ onítransistor LDMOS lè fara da ìpadàbọ̀ agbára dé ìwọ̀n tó yani lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ìfaradà yẹn rọ́pò ètò tó dára.

Òfin tó yẹ kó wà lọ́kàn yín nìyí. Nígbà tí ẹ bá tẹ kíì, relay ìhà áńtẹ́nà ni kó kọ́kọ́ yí, kí relay ẹnu ọ̀nà àbáwọlé tẹ̀ lé e, kí bias túùbù, ìyẹn fóòtì tó ń jẹ́ kí túùbù ṣiṣẹ́ tàbí kó dákẹ́, wá ṣí, kí agbára rédíò tó wọlé. Nígbà tí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò lórí kíì, gbogbo rẹ̀ yóò padà láti ẹ̀yìn wá: agbára yóò kọ́kọ́ lọ tán pátápátá, bias yóò tì, àbáwọlé yóò padà, relay áńtẹ́nà ni yóò kẹ́yìn. Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin yìí kò dárúkọ iye mílísẹ́kọ́ńdì kankan. Ẹ̀rọ tó lọ́ra tí ó ń tẹ̀ lé e kò ní jóná láé. Èyí tó yára tí kò tẹ̀ lé e yóò jóná.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni apá kejì òfin náà. Relay àtijọ́ lọ́ra láti pàdé, ó sì tún lọ́ra láti ya, pàápàá tí wọ́n bá fi diode kan ṣoṣo dábùú coil rẹ̀. Bí rédíò bá tú okùn àṣẹ tó ń lọ sí ampilifáyà sílẹ̀ ní kété tí ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí kíì, agbára tó wà lórí wáyà kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 5 láti sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìparí àmì ní gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kó má baà máa ta ariwo sórí ìgbì. Relay tó lọ́ra kò mọ̀ rárá pé agbára ṣì wà níbẹ̀, nítorí kó tó ya, agbára ti lọ. Ìlọ́ra rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó. Ẹ wá gbé vacuum relay tó ń ya ní mílísẹ́kọ́ńdì 2 sípò rẹ̀, yóò ya nígbà tí ìdajì agbára ṣì wà lórí rẹ̀, ní gbogbo ìparí àmì. Mo rí èyí pẹ̀lú ojú ara mi nínú ẹ̀rọ kan tí mo bá ọ̀rẹ́ mi kan tún ṣe nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí. Inú wa dùn pé ó ti yára; kò pé ọjọ́ méjì tí ẹnu relay náà fi jó lẹ̀ mọ́ra ní ìhà sísọ, tí ẹ̀rọ kò sì gbọ́ ohunkóhun mọ́. Kò sí ohun tó ṣe relay yẹn. Àwa ni a kò wo ìparí àmì.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn ẹ̀rọ yín kí ẹ tó ná owó kankan. Oscilloscope onílà méjì, ẹ̀rọ tó ń ya bí fóòtì ṣe ń yí padà pẹ̀lú àkókò, ni ẹ nílò, kò sì di dandan kó jẹ́ tuntun. Ẹ yọ wáyà iná ampilifáyà kúrò lára ògiri, kí gbogbo fóòtì ńlá inú rẹ̀ ti kú. Ẹ fi bátìrì 9 fóòtì àti resistor 1,000 ohm kan ṣe sákíìtì kékeré gba ẹnu relay kọjá, kí ìlà kejì oscilloscope máa wo fóòtì ibẹ̀, kí ìlà kìíní wà lórí okùn àṣẹ, kí ẹ sì wá fún coil ní iná láti ibòmíràn. Ẹ ó rí ìgbà tí àṣẹ dé, ìgbà tí ẹnu pàdé, àti bó ṣe ń ta padà kó tó dúró. Ẹ ka àkókò títí dé ìgbà tó dúró pátápátá, kì í ṣe ìgbà tó kọ́kọ́ fara kàn. Lẹ́yìn èyí, ẹ so rédíò nìkan mọ́ dummy load (ohun tó ń gba agbára dípò áńtẹ́nà) pẹ̀lú agbára kékeré, kí ẹ máa rán àmì kúkurú léraléra, kí oscilloscope sì fi okùn àṣẹ hàn yín pẹ̀lú agbára tó ń jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àmì, iye tí agbára fi pẹ́ dé lẹ́yìn àṣẹ gbọ́dọ̀ ju iye tí relay ń gbà lọ pẹ̀lú mílísẹ́kọ́ńdì 2 tàbí 3 ó kéré tán. Ní ìparí rẹ̀, agbára gbọ́dọ̀ ti kan òdo kí ẹnu relay tó ya. Ẹ kọ iye mẹ́rin yìí sílẹ̀: pípàdé, yíya, pípẹ́ dé agbára, àti pípẹ́ lọ rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo máa sọ látibí lọ, orí iye mẹ́rin yẹn ló dúró lé.

Ọ̀pọ̀ rédíò òde òní ní ibi tí a ti lè yan iye tí agbára yóò fi dúró de ampilifáyà, láti bíi mílísẹ́kọ́ńdì 5 dé 15, àwọn mìíràn sì lè dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wò ó dáadáa bóyá rédíò tiyín ń sún gbogbo àmì síwájú, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí pọ̀, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń sún. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, àmì oní-48 tí a sún ní 10 yóò ṣẹ́kù 38, Morse yín yóò sì máa dún bí ẹni tó ń sáré tí èémí rẹ̀ kò tó. Àwọn ampilifáyà kan wà tó ní ọ̀nà tó tún dára ju èyí lọ: kíì kò lọ sí rédíò ní tààrà, ampilifáyà ló ń kọ́kọ́ gbà á, yóò yí relay tirẹ̀, yóò sì wá fi àṣẹ ránṣẹ́ sí rédíò pé ọ̀nà ti ṣí. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí púpọ̀, nítorí pé ẹni tó ni ilẹ̀kùn ló ń sọ pé kí a wọlé. Bí ẹ bá sì lè máa fi ẹsẹ̀ tẹ swíìṣì tó ń yí ampilifáyà kí ọwọ́ yín tó kan kíì, kí ẹ sì mú ẹsẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ẹnu relay yín kò ní dúdú mọ́ láìná kọ́bọ̀ lórí ohun mìíràn. Ohun tí ẹ ó pàdánù ni gbígbọ́ láàárín àmì.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo gbígbọ́ yẹn fúnra rẹ̀, kí ẹ lè rí ìdí tí relay gbalasa kò fi lè ṣe é. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí kíì ní òdo. Ká ní rédíò sún àmì ní 10. Agbára yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ní 10, yóò tán ní 15. Vacuum relay yóò ti padà sí ìhà gbígbọ́ ní 20, etí rédíò yóò sì bọ̀ sípò ní nǹkan bíi 25. Ní 48, ẹ óò tẹ kíì lẹ́ẹ̀kan sí i, relay yóò sì kúrò níbẹ̀. Nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 23 ni ẹ fi gbọ́ ohun tó ń lọ lójú afẹ́fẹ́, ó sì tó láti mọ̀ pé ẹnìkejì ń pè yín. Ẹ wá fi relay tó ń gba 20 láti pàdé tó sì ń gba 20 láti ya ṣe ìṣirò kan náà: àmì gbọ́dọ̀ sún ní 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára tán ní 25, ẹnu padà ní 45, ó ku 3 péré, etí rédíò kò sì tíì jí nígbà náà. Ní ìwọ̀n ọ̀rọ̀ 40, àlàfo jẹ́ 30, ohun tí vacuum relay yẹn sì fi sílẹ̀ kò ju 5 lọ. Ibẹ̀ ni PIN diode ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀. Ètò AMTOR, tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ títẹ̀ ránṣẹ́ lórí rédíò, ti fi irú ìṣòro yìí dán àwọn ẹ̀rọ wò rí: ó ń rán lẹ́tà mẹ́ta ní mílísẹ́kọ́ńdì 210, ó sì ń dákẹ́ fún 240 kó lè gbọ́ èsì, láìsinmi, ní gbogbo ìgbà tí ìjíròrò bá fi ń lọ. Ọ̀pọ̀ relay ló jẹ níyà.

Vacuum relay ni mo dámọ̀ràn fún yín. Àwọn tí orúkọ wọn mọ́ ẹnu jù ni Jennings RJ1A àti Kilovac HC-1. Ẹnu wọn wà nínú ìgò tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, nítorí náà àyè tíńtín láàárín ẹnu méjì ti tó láti dènà fóòtì ńlá, irin inú rẹ̀ kò sì rìn jìnnà. Nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 6 ni wọ́n máa ń kọ síwájú wọn, ṣùgbọ́n bí a bá fún coil ní iná lọ́nà ọgbọ́n, ó lè wá sí 2 tàbí 3. Ọgbọ́n náà nìyí: ká ní coil jẹ́ 300 ohm tó sì ń fẹ́ 26 fóòtì, ẹ fún un ní 52 fóòtì gba inú resistor 300 ohm tó lè gbé wáàtì 5, kí capacitor wà ní ẹ̀gbẹ́ resistor náà. Ní kété tí àṣẹ dé, capacitor yóò jẹ́ kí gbogbo 52 kan coil, ìṣàn iná yóò sì gòkè kíákíá. Lẹ́yìn náà resistor yóò dá a padà sí ìwọ̀n tó tọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí capacitor náà tóbi jù. Oní-47 microfarad yóò gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 14 láti tú ìdá tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀, nítorí náà nígbà tí àmì bá ń yára tẹ̀ lé ara wọn, yóò ṣì kún díẹ̀ nígbà tí àmì kejì bá dé, ìyára náà yóò sì dín kù. Oní-22 sàn jù.

Fún yíya, ẹ yọ diode lásán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ coil, nítorí pé ó ń jẹ́ kí iná máa yípo nínú coil fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí àṣẹ ti lọ. Ẹ to zener oní-33 fóòtì (diode tó ń jẹ́ kí iná kọjá sẹ́yìn ní fóòtì kan pàtó) mọ́ diode náà ní ìtẹ̀léra, kí ẹ sì dá méjèèjì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ coil, iná inú coil yóò sì kú kíákíá. Ẹ rántí pé transistor tó ń darí coil yóò rí 52 pẹ̀lú 33 pọ̀ nígbà yẹn, nítorí náà kí ẹ lo èyí tó lè gba 150 fóòtì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Fún àbáwọlé, níbi tí 100 wáàtì nìkan wà, reed relay kékeré (relay oní-irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ìgò) tó lè gbé iná náà ti tó. Ó sì yára ju ti áńtẹ́nà lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró díẹ̀ kó má baà ṣíwájú. Nípa ọjọ́ orí relay, ọ̀rọ̀ PARIS ní àmì 14 nínú, nítorí náà ìwọ̀n ọ̀rọ̀ 25 jẹ́ ìgbà 350 láàárín ìṣẹ́jú kan, àti 21,000 láàárín wákàtí kan. Nǹkan bíi wákàtí 48 tí ọwọ́ kò kúrò lórí kíì ni yóò mú un dé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Ẹ fi iye tí ẹni tó ṣe relay yín kọ sí i wé èyí, kí ẹ lè mọ bí ẹ ó ṣe lò ó pẹ́ tó.

PIN diode kò ní irin tó ń rìn, kì í pariwo, ìyípadà rẹ̀ sì jẹ́ ti microsecond, nítorí náà ìyára rédíò nìkan ló kù láti ronú lé. Ampilifáyà Alpha 87A fi hàn pé ó ṣeé ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ pọ̀. Diode tó wà ní ìhà sísọ gbọ́dọ̀ gba ìṣàn iná DC tó pọ̀ tó nígbà gbogbo tí agbára bá ń kọjá. Bí ìdènà inú rẹ̀ bá jẹ́ 0.2 ohm, ampere 4.5 yín yóò sọ wáàtì 4 di ooru nínú nǹkan tí kò tó èékánná. Èyí tó wà ní ìhà gbígbọ́ sì gbọ́dọ̀ ní fóòtì ńlá tó tì í pa gbọn-in, ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóòtì, pàápàá bí SWR kò bá dára. Bí fóòtì yẹn bá sọnù fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré nígbà tí agbára wà, diode náà ti lọ, ó sì ṣeé ṣe kí iwájú rédíò yín bá a lọ. Lórí báńdì 1.8 MHz, níbi tí ìyípo kan ti gùn ju ìdajì microsecond lọ, diode tí iná kì í pẹ́ nínú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé orí ìgbì, yóò sì máa bí ìgbì mìíràn tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń lo ìwọ̀n ọ̀rọ̀ 35 sókè lójoojúmọ́, tó sì lè kọ́ sákíìtì tó ń kọ agbára nígbà tí bias diode kò bá pé, kó lọ sí i. Ní ìwọ̀n 25, n kò rí ohun tí yóò fún yín tí vacuum relay kò ní fún yín.

Bias túùbù náà ní ipa tirẹ̀. Túùbù tí bias rẹ̀ ṣí sílẹ̀ máa ń pariwo bí òjò tó ń rọ̀ wúúúù, etí rédíò yín yóò sì máa gbọ́ ọ láàárín àmì bí ìdènà láàárín ìhà méjèèjì kò bá pé. Ó yẹ kí ó máa tì nígbà gbogbo tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, èyí yóò sì tún dín ooru kù. Àwọn kan ń lo sákíìtì tó ń ṣí bias nígbà tó bá gbóòórùn agbára láti inú rédíò. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó dá ìpinnu ṣe: kí ó jẹ́ pé agbára gbọ́dọ̀ wà, relay áńtẹ́nà náà sì gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ tipẹ́ tó, kí bias tó ṣí. Bí relay bá kọ̀ láti yí lọ́jọ́ kan, ètò yìí ni yóò gba túùbù yín là.

Ẹ wo okùn àṣẹ náà kí ẹ tó so ó mọ́ rédíò tuntun. Nínú àwọn ampilifáyà àtijọ́ bíi Heathkit SB-220, nǹkan bí 120 fóòtì ló wà lórí okùn yẹn, transistor kékeré tó wà nínú ọ̀pọ̀ rédíò òde òní kò sì lè gbà á. Ẹ fi optocoupler (èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àṣẹ kọjá) tàbí transistor MOSFET tó lè gba fóòtì náà sáàárín. Àwọn rédíò kan tún máa ń ju agbára tó pọ̀ ju èyí tí ẹ yàn lọ fún ìwọ̀nba mílísẹ́kọ́ńdì ní ìbẹ̀rẹ̀ àmì àkọ́kọ́. Oscilloscope yín yóò fi í hàn, bó bá sì wà, ìdí mìíràn nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi gbọ́dọ̀ ti ṣí pátápátá kí àlejò tó dé.

Mo bẹ̀ yín, nípa fóòtì inú ẹ̀rọ náà, ẹ má ṣe kánjú rárá. Ampilifáyà onítúùbù bíi tiyín sábà máa ń ní fóòtì 2,000 sí 3,000 lórí plate, iná tó sì wà nínú àwọn capacitor rẹ̀ lè pa ènìyàn lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ẹ yọ wáyà, ẹ dúró títí mítà fóòtì yóò fi kan òdo, kí ẹ sì fi ọ̀pá tó ní wáyà ilẹ̀ tó so mọ́ ara ẹ̀rọ kan ẹnu fóòtì ńlá náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ yín bá wà nínú rẹ̀. Kí ẹlòmíràn wà nínú ilé nígbà tí ẹ bá ń ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ tèmi ni ẹ̀rọ yín, iṣẹ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wíwọn iye mẹ́rin yẹn, kí n sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ swíìṣì ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ kò bá tíì parí, kí ìyókù ẹnu relay àtijọ́ má baà tán. Lẹ́yìn náà, n ó ra vacuum relay kan fún áńtẹ́nà àti reed relay kan fún àbáwọlé, n ó fún coil wọn ní sákíìtì tí mo ṣàlàyé, n ó yan mílísẹ́kọ́ńdì 10 nínú rédíò, n ó sì tún gbogbo rẹ̀ wọn kí n tó jẹ́ kí túùbù rí fóòtì. Bí ìwọ̀n bá fi hàn pé okùn àṣẹ ń lọ ṣáájú agbára ní ìparí àmì, n ó fi sákíìtì kékeré kan dá yíya relay dúró fún mílísẹ́kọ́ńdì 5 sí 7 sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò jẹ díẹ̀ nínú mílísẹ́kọ́ńdì 23 tí mo kà fún gbígbọ́. Kí ẹ gbé relay náà lé orí rọ́bà rírọ̀, kí wáyà tó lọ sí i sì jẹ́ èyí tó ń tẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá dè é mọ́ ara páànù, gbogbo àmì ni yóò máa kan bí èèkàn tí a ń gbá, ìró yẹn yóò sì máa bá ohùn jíjìnnà tí ẹ fẹ́ gbọ́ díje.